Ǹjẹ́ Omi Òrìṣà Lè Dọ̀tí?

Odò Ọ̀ṣun ṣẹ̀ ní Ìgèdè-Èkìtì. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó forí lé gúúsù, ó sì lọ já sí ọ̀sà Lẹ́kkí. Àwọn ìlú tí ó ń bọ ọ́ pọ̀ lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n Òṣogbo ni igbó rẹ̀ tí ó lórúkọ jù lọ wà. Igbó náà tó hẹ́kítà 75. Ojúbọ 40 ló wà nínú rẹ̀, ibi ìbọ 9 sì wà létí omi gan-an. Àwọn onímọ̀ ewéko ka irú igi àti ewé tí ó tó 400 níbẹ̀, èyí tí ó wúlò fún oògùn nínú wọn sì lé ní 200. Bí ènìyàn bá jáde kúrò lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyí, títì ọ̀dà, ilé, ọjà àti ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni yóò bá pàdé. Òṣogbo di olú ìlú Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 1991, ìlú sì ń gbòòrò bọ̀ wá bá igbó.

Ẹni tí ó ń wá sí etí irú odò báyìí kò ju oríṣi mẹ́ta lọ: ẹni tí ó wá sìn, ẹni tí ó wá gbafẹ́, àti ẹni tí ó wá da pàǹtí nù. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún ẹni tí ó gbà pé òrìṣà ń gbé inú omi náà, ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Bí omi Ọ̀ṣun bá jẹ́ mímọ́ ní tòótọ́, tí ó ń wo ọmọdé sàn, tí ó ń fún àgàn lọ́mọ, ṣé ẹ̀gbin ọmọ aráyé lè ràn án? Bí kò bá lè ràn án, kí ni àwọn tí ó ń pariwo ìtọ́jú odò ń dáàbò bò? Bí ó bá sì lè ràn án, agbára òrìṣà náà dà? Ọ̀nà tí ẹnì kan bá gbà dáhùn ìbéèrè yìí ni yóò sọ bóyá yóò ju ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sínú omi tàbí yóò mú un padà lọ sílé.

Ìtàn tí Òṣogbo ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ ara rẹ̀ ni ó yẹ kí ìdáhùn ti bẹ̀rẹ̀. Láròóyè àti Olútìmẹ́hìn, ọdẹ erin, kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí ọ̀dá omi. Wọ́n tẹ̀dó sí etí Ọ̀ṣun. Níbi tí wọ́n ti ń gé igi, igi kan wó lu odò, ohùn kan sì ké láti inú omi pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n tọrọ àforíjì. Ọ̀ṣun kò lé wọn padà sínú ọ̀dá. Ó ní kí wọ́n kúrò létí omi, kí wọ́n gun orí ilẹ̀ gíga lọ, kí wọ́n fi igbó sílẹ̀ fún òun. Wọn yóò máa bọ òun lọ́dọọdún, òun náà yóò sì máa ṣọ́ wọn. Ẹja tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ rẹ̀ wá bá Láròóyè, ọba wọn, lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni oyè Àtáọ́ja ti ṣẹ̀.

Ohùn inú omi ni àwọn apìtàn sábà máa ń dúró lé lórí. Ọ̀rọ̀ ibùgbé ló yẹ fún àròjinlẹ̀ jù. Kí ẹbọ tó dé, àyè ni odò kọ́kọ́ bèèrè. Àdéhùn náà pín ilẹ̀ sí méjì: òkè fún ènìyàn, etí omi fún òrìṣà. Lójú onímọ̀ nípa omi pẹ̀lú, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà létí odò kì í ṣe ilẹ̀ òfìfo. Ibẹ̀ ni odò máa ń tẹ́ ara rẹ̀ sí nígbà tí òjò bá pọ̀. Gbòǹgbò igi ló ń di bèbè mú kí ó má baà ya, ewé tí ó rẹ̀ sílẹ̀ sì ni kì í jẹ́ kí àgbàrá sáré wọ omi. Ẹni tí ó fi àyè náà sílẹ̀ nítorí ìbẹ̀rù òrìṣà àti ẹni tí ó fi í sílẹ̀ nítorí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì jọ dé ibì kan náà ni. Ṣùgbọ́n ẹni ìṣáájú ti ń fi í sílẹ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ẹni kejì tó dé.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ níbi tí kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Ní Ìbàdàn, odò Ògùnpa gba àárín ìlú kọjá. Wọ́n kọ́lé dé etí rẹ̀, wọ́n ń da pàǹtí sínú rẹ̀, títí omi kò fi rí ọ̀nà lọ mọ́. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, òjò ńlá rọ̀, Ògùnpa sì kún bo bèbè. Ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀mí lọ. Lẹ́yìn náà ni ìjọba wá fi kọnkéré ṣe ojú ọ̀nà fún un, odò sì di gọ́tà ńlá. Kì í ṣe pé Ìbàdàn kò mọ òrìṣà; ọdọọdún ni wọ́n ń ṣọdún Òkè'Bàdàn. Orí òkè ni àdéhùn tiwọn wà. Ògùnpa kò ní ẹni tí ó bá a mulẹ̀ láti fi àyè sílẹ̀ fún un.

Síbẹ̀, Ògùnpa kan náà ni wọ́n sé ní ìhà òkè ìlú láti fi ṣe adágún ọgbà Àgodi, ọgbà ẹranko àti ewéko tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ìkún omi 1980 bà á jẹ́ gidigidi, ó sì di bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà kí wọ́n tó tún un ṣe. Lónìí, ẹbí ń san owó wọlé, wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi, wọ́n ń wo omi. Ohun rere ni. Ìlú tí kò ní ibi tí òtòṣì àti ọlọ́rọ̀ ti lè jọ gba atẹ́gùn létí omi ti ṣe àwọn ọmọ rẹ̀ níkà. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n ń tọ́jú nínú ọgbà ni ó ń di omi gọ́tà nígbà tí ó bá jáde. Ohun tí ọgbà yí ká nìkan ni ìgbafẹ́ lè dáàbò bò. Ìbéèrè tí ó wà lórí igbó Ọ̀ṣun ni bóyá ìjọsìn lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èèwọ̀ igbó Ọ̀ṣun kò ṣòro láti kà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dẹ ìgbẹ́, kò gbọdọ̀ gé igi, kò gbọdọ̀ dáko. Ẹja jẹ́ ìránṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe oúnjẹ. Ọ̀bọ ń fò lórí igi láìbẹ̀rù ọdẹ. Agbára irú òfin báyìí pọ̀ lọ́nà kan tí òfin ìjọba kò ní. Ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ni òfin ìjọba ń jẹ níyà. Èèwọ̀ a máa tẹ̀ lé ẹni tí kò sẹ́ni tí ó rí i lóru. Kò gba owó oṣù, kò sì nílò ẹ̀ṣọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá gbà á gbọ́ nìkan ni ó lè mú.

Àwọn ọdún 1950 fi àléébù yìí hàn kedere. Ìsìn ìbílẹ̀ ti ń rẹ̀yìn ní Òṣogbo nígbà náà. Àwọn àwòrò kan ti pa ojúbọ tì, ikán ń jẹ òpó ilé òrìṣà. Wọ́n ń pẹja nínú ibú, wọ́n ń gé igi, wọ́n sì gbin igi tíìkì sí apá kan igbó. Susanne Wenger, ayàwòrán tí wọ́n bí ní Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ní 1915, ti dé Nàìjíríà ní 1950, ó sì ti di olórìṣà. Àdùnní Olórìṣà ni wọ́n ń pè é. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú, àwọn bíi Adébísí Àkànjí, Kàsálí Àkàngbé àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, bẹ̀rẹ̀ sí tún ojúbọ ṣe, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì mọ ère ńláńlá sáàárín igi. Bíríkìlà ni àwọn kan nínú wọn, agbẹ́gi ni àwọn mìíràn. Wọ́n ń mọ ohun tí ojú kò rí rí.

Àwọn kan sọ, wọ́n sì ń sọ títí di òní, pé ère wọ̀nyí yàtọ̀ sí bí òrìṣà Yorùbá ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ẹ̀tọ́ wọn ni láti bèèrè. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ère náà ṣe fún igbó ju ti ẹwà lọ. Ẹni tí ó fẹ́ gba ilẹ̀ lè gé igi lóru kí ó sì sọ lówùúrọ̀ pé ilẹ̀ lásán ni òun bá. Kò lè sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ère tí ó ga ju ilé lọ. Ìgbàgbọ́ tí ó ti ń fara sin nínú ọkàn àwọn díẹ̀ tún padà di ohun tí ojú ń rí. Ní 1965, ìjọba àpapọ̀ kéde apá kan igbó náà ní ibi ìrántí orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú. Ní 2005 ni UNESCO fi gbogbo rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Ogún Àgbáyé, wọ́n sì fi hẹ́kítà 47 mìíràn yí i ká bí ààlà ìdáàbòbò. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù Kìíní 2009, ó lé ní ẹni àádọ́rùn-ún ọdún.

Báyìí ni èèwọ̀ àti òfin ṣe di alájùmọ̀ṣe. Òfin ń mú ẹni tí kò gbà gbọ́, èèwọ̀ ń mú ẹni tí ẹ̀ṣọ́ kò rí. Láàárín méjèèjì ni ohun kẹta wà tí kò gba orúkọ ẹ̀sìn kankan: ìfẹ́ ìlú. Mùsùlùmí ló pọ̀ jù ní Òṣogbo lónìí, Kìrìsìtẹ́nì sì pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Àtáọ́ja tí ó gorí oyè ní 2010 jẹ́ Mùsùlùmí, òun náà ló sì ń ṣáájú ìlú lọ sí etí odò lọ́jọ́ ọdún. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kì í bọ Ọ̀ṣun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi àdá kan igbó rẹ̀, nítorí pé ọmọ Òṣogbo ni wọ́n.

Oṣù Kẹjọ ni ọdún Ọ̀ṣun, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ìwọ́pópó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí í ṣe ìwẹ̀nùmọ́ ìlú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ń tan iná olójú mẹ́rìndínlógún. Ìborí-adé tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n ń kó adé àwọn ọba tí ó ti wàjà jọ láti súre sí i. Ọjọ́ ńlá ni ọjọ́ tí Arugbá, ọmọbìnrin tí kò tíì mọ ọkùnrin, bá ru igbá ẹbọ ìlú láti ààfin lọ sí odò. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń tẹ̀ lé e. Àwọn olórìṣà ń ti Brazil, Cuba àti Amẹ́ríkà wá. Onílù ń lù, ọmọge ń jó, àwọn iléeṣẹ́ onígbọ̀wọ́ ń ta àsíá wọn, àwọn aláte ń ta ẹja díndín, bíà àti píọ́ wọ́tà.

Àwọn kan rò pé ariwo yìí ló ń ba ìsìn jẹ́, pé bí odò yóò bá wà ní mímọ́, kí onífàájì kúrò níbẹ̀. Èrò náà kò bá ìlànà ìsìn Yorùbá mu. Ìjọsìn tí kò ní ìlù, ijó àti oúnjẹ kò tíì pé. Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ẹlẹ́sìn rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n, jẹ́ òrìṣà tí ó fẹ́ràn idẹ, ìlẹ̀kẹ̀, oyin àti ìdùnnú. Ẹni tí ó bá lé ayọ̀ kúrò létí odò rẹ̀ ti mú ohun tí òun pàápàá fẹ́ kúrò. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni bóyá ẹni tí ó ń ṣeré mọ̀ pé àlejò ni òun. Àlejò a máa jẹun nílé onílé, a máa jó, a sì máa rẹ́rìn-ín; kì í da omi ìdọ̀tí sí ìyẹ̀wù. Òfin àdéhùn Láròóyè nìyẹn: ìlú wá sí etí omi gẹ́gẹ́ bí àlejò, ó sì gbọdọ̀ padà sórí òkè nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú.

Nínú igbó, àwọn èèwọ̀ náà ti ṣe iṣẹ́ wọn. Ibi tí wọn kò ti ní agbára ni inú omi tí ó ń ṣàn wọ igbó bọ̀. Àwọn odò kéékèèké tí ó la Òṣogbo kọjá ń gbé omi gọ́tà, omi odò ẹran àti epo dúdú àwọn mẹkáníìkì lọ bá Ọ̀ṣun. Èyí tí ó burú jù ti òkè odò wá. Láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni omi Ọ̀ṣun ti di pupa rúsúrúsú bí omi amọ̀, nítorí àwọn awakùsà ń wa wúrà lágbègbè Iléṣà. Wọ́n ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ àwọn odò tí ó ń já sí Ọ̀ṣun, wọ́n ń fi omi ṣan yẹ̀pẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́, ẹrẹ̀ rẹ̀ sì ń bá omi lọ. Àwọn kan ń lo mẹ́kúrì, èyí tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ wúrà. Bí wọ́n bá yáná sí i, mẹ́kúrì yóò fẹ́ lọ, wúrà yóò kù. Mẹ́kúrì tí ó bá bọ́ sínú omi kì í tán. Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí a máa sọ ọ́ di irú èyí tí ara ẹja ń gbà, ẹja ńlá a jẹ ẹja kékeré, oró náà a sì máa pọ̀ sí i. Ẹja tí wọn kò gbọdọ̀ pa nínú igbó lè wẹ̀ jáde lọ bọ́ sínú àwọ̀n ẹlòmíràn nísàlẹ̀ odò.

Ẹgbẹ́ Urban Alert ní Òṣogbo yẹ omi náà wò, ó sì kéde pé mẹ́kúrì àti òjé inú rẹ̀ kọjá ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mu. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn tí ó wá pé kí wọ́n má mu omi odò. Ọ̀pọ̀ mu ún. Èrò wọn kò ṣòro láti lóye: agbára òrìṣà kì í ṣe ohun tí ẹ̀rọ ayẹ̀wò lè wọ̀n, omi tí a fi ìgbàgbọ́ bù kò lè pa ẹni tí ó gbà á gbọ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ti sọ fún un pé omi yìí ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà kò ní ju agolo sílẹ̀ nítorí ìkéde rédíò. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yìí ní ewu méjì. Ìkíní wà lára ọmọdé tí wọ́n bu omi náà fún, nítorí òjé àti mẹ́kúrì a máa ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ láìfi ara hàn lọ́jọ́ náà. Èkejì ni pé ó fún awakùsà ní àwíjàre: bí omi Ọ̀ṣun kò bá lè bàjẹ́, kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù létí odò Ganga ní Íńdíà ti bá ìbéèrè yìí jìjàkadì ju ẹnikẹ́ni lọ. Lójú ọ̀pọ̀ àlùfáà Varanasi, ìwà-mímọ́ yàtọ̀ sí ìmọ́tótó: Ganga lè dọ̀tí, kò lè di aláìmọ́. Àwọn kan fi èyí káwọ́ gbera. Veer Bhadra Mishra kò ṣe bẹ́ẹ̀. Olórí tẹ́ńpìlì Sankat Mochan ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ìṣàn omi ní yunifásítì. Ó ń wẹ̀ nínú Ganga gẹ́gẹ́ bí ìsìn rẹ̀ ti pa á láṣẹ, ó sì mọ ohun tí ó wà nínú omi tí ó ń wẹ̀. Ní 1982, ó dá àjọ kan sílẹ̀ tí ó ń wọn ìdọ̀tí odò náà, tí ó sì ń bá ìjọba jà lórí omi ṣáláńgá, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí títí ó fi kú ní 2013. Ní tirẹ̀, mímọ́ tí odò jẹ́ kì í ṣe ìdí láti dákẹ́. Òun gan-an ni ìdí tí ẹ̀gbin fi jẹ́ àfojúdi.

Inú Ifá ni ìdáhùn tí ó bá Ọ̀ṣun mu jù wà, nínú ìtàn Ọ̀ṣẹ́tùúrá. Òrìṣà mẹ́tàdínlógún ni Olódùmarè rán wá tún ayé ṣe. Ọkùnrin mẹ́rìndínlógún kò ka Ọ̀ṣun, obìnrin kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn, sí. Gbogbo ohun tí wọ́n dáwọ́ lé ń dàrú: òjò kò rọ̀, ọ̀rọ̀ wọn kò ṣẹ. Nígbà tí wọ́n padà lọ bá Olódùmarè, ó bi wọ́n léèrè ẹni kẹtàdínlógún, ó sì ní kí wọ́n lọ bẹ̀ ẹ́. Nínú ìtàn yìí, ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan Ọ̀ṣun kò dín in kù. Ó kàn fà sẹ́yìn, àwọn tí ó ṣẹ̀ ẹ́ ni ayé sì nira fún. Bí ọ̀rọ̀ odò náà ṣe rí nìyẹn. Kò sí ẹ̀gbin tí ó lè ba òrìṣà jẹ́. Àdéhùn ni ó ń bàjẹ́. Omi tí ìyá ń bù fún ọmọ láti fi wò ó sàn ni wọ́n wá ń kìlọ̀ pé kí ọmọ má fẹnu kàn. Ẹni tí ó gba Ifá gbọ́ kò nílò àmì mìíràn láti mọ̀ pé Ọ̀ṣun ti ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, àti pé ẹ̀bẹ̀ ló kàn, kì í ṣe agídí.

Àwọn Mùsùlùmí tí ó pọ̀ jù nínú ìlú ní ìlànà tiwọn. Nínú òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, omi tí ẹ̀gbin bá yí àwọ̀, adùn tàbí òórùn rẹ̀ padà kò ṣeé fi ṣe àlùwàlá mọ́. Ìlànà ọlọ́gbọ́n ni, nítorí ó gbé ìdájọ́ lé ohun tí ojú, ẹnu àti imú ẹnikẹ́ni lè mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ tí ó sọ Ọ̀ṣun di pupa jẹ́ yẹ̀pẹ̀, yẹ̀pẹ̀ kì í sì í ṣe nájísì. Mẹ́kúrì tí ó yọ́ sínú omi kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Omi náà lè yẹ fún àlùwàlá kí ó má yẹ fún mímu. Ìlànà mìíràn ni àwọn àáfà ní láti gbé jáde níbí, èyí tí ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìpalára, kí a má sì fi ìpalára san ìpalára. Ó tó láti fi bá awakùsà àti ẹni tí ó ń da epo dúdú sí gọ́tà sọ̀rọ̀.

Àwọn Kìrìsìtẹ́nì pàápàá kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ olórìṣà ni. Ní 1930, nígbà ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà, wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbàdúrà sí omi, àwọn aláìsàn sì ń wá láti ọ̀nà jíjìn láti bu ún. Láti ìgbà náà ni omi àdúrà ti jẹ́ ọ̀wọ̀n láàárín àwọn Aládùúrà, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń lọ sí etí odò láti wẹ̀ àti láti gbàdúrà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kan náà tí omi yẹn ti wo ènìyàn sàn ni wọ́n ti ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò wá wúrà lónìí. Láti 1972 sì ni omi Ọ̀ṣun ti ń wọ ẹ̀rọ omi Ìbàdàn láti ìdídò Aṣéjìrẹ. Olórìṣà, onímọ̀le àti onígbàgbọ́ ló jọ ń ṣí i nínú ilé.

Bí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibi tí ẹ̀gbin ti ń wá, àwọn tí ó yẹ kí ó dáhùn pọ̀. Awakùsà tí ó wà nínú kòtò sábà máa ń jẹ́ òtòṣì. Ẹni tí ó ń ra wúrà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í dé etí kòtò. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀, òun ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìwakùsà. Ìjọba àpapọ̀ kan náà, nípasẹ̀ àjọ tí ó ń bójú tó ohun ìṣẹ̀m̀báyé, ló ń ṣọ́ igbó Ọ̀ṣun. Ọwọ́ kan ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà igbó, ọwọ́ kejì kò ṣọ́ omi tí ó ń gba ẹ̀yìn wọlé. Kò sí èèwọ̀ kankan tí Òṣogbo lè gbé kalẹ̀ tí yóò mú ẹni tí ó wà ní òkè odò, tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí Láròóyè ń mulẹ̀.

Àwọn ènìyàn Māori tí ó ń gbé etí odò Whanganui ní New Zealand rí ọ̀nà kan. Lẹ́yìn ìjà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, òfin ilẹ̀ náà gbà ní 2017 pé odò Whanganui, láti orí òkè títí dé òkun, jẹ́ ẹ̀dá alààyè kan ṣoṣo tí ó ní ẹ̀tọ́ níwájú òfin. Ènìyàn méjì ni wọ́n yàn láti máa jẹ́ ẹnu rẹ̀, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ àwọn Māori. Ní ọdún kan náà, ilé ẹjọ́ gíga Uttarakhand ní Íńdíà dájọ́ bẹ́ẹ̀ fún Ganga, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ dá a dúró láàárín oṣù mélòó kan, nítorí odò náà gba ìpínlẹ̀ púpọ̀ kọjá, kò sì yé ẹnikẹ́ni ẹni tí yóò san gbèsè bí odò bá kún pa ènìyàn. Ìṣòro ìpínlẹ̀ púpọ̀ yìí ni yóò bá Ọ̀ṣun, tí ó ti Èkìtì lọ dé Èkó. Ní ti pé odò jẹ́ ẹnìkan, kò sí ohun tí Yorùbá ní láti kọ́ lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọ̀ṣun ti ní orúkọ, oríkì, ohun ìní àti ọmọ. Ẹnu ní kóòtù ni kò ní. Òṣogbo ní Àwòrò àti Ìyá Ọ̀ṣun, àwọn ìlú mìíràn lójú ọ̀nà odò sì ní àwọn tí ó ń bọ ọ́. Bí gbogbo wọn bá jókòó pọ̀, ìgbìmọ̀ tí ó lè sọ̀rọ̀ fún odò láti orísun dé ọ̀sà ti wà nílẹ̀ kí ìjọba tó yan ọ̀kankan.

Ó ku ohun tí ó wà lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́sìn fúnra wọn. Ohun tí ìran àtijọ́ ń fi bọ Ọ̀ṣun ni ẹ̀fọ́ yánrin, ẹ̀kọ inú ewé, oyin, obì àti ẹran adìyẹ. Gbogbo rẹ̀ ni ilẹ̀ àti omi lè jẹ tán. Ọ̀rá, ike àti ìgò òórùn dídùn kò sí nínú àdéhùn. Ní Salvador ní Brazil, níbi tí wọ́n ti ń sin Ọ̀ṣun ní orúkọ Oxum, irú ọ̀rọ̀ yìí dé lórí Yemọja. Ọjọ́ 2 oṣù Kejì lọ́dọọdún ni wọ́n ń kó ẹ̀bùn lọ fún un nínú òkun, dígí, ìyàrun, bèbí àti ìgò lọ́fínńdà. Mãe Stella de Oxóssi, ìyálórìṣà Ilê Axé Opô Afonjá, sọ fún àwọn ọmọ ilé rẹ̀ kí ó tó jáde láyé ní 2018 pé wọn kò ní ju ẹ̀bùn sínú òkun mọ́, orin ni wọn yóò máa fi júbà. Àwọn olórìṣà kan kò gbà fún un; wọ́n ní òrìṣà tí ó fẹ́ràn ẹ̀bùn kò yẹ kí a fi ọwọ́ òfo bá. Àwọn mìíràn gba àárín: wọ́n ń da lọ́fínńdà sínú omi, wọ́n ń mú ìgò rẹ̀ padà sílé, wọ́n sì ń fi òdòdó rọ́pò ike.

Ní Òṣogbo, àwọn tí ó ní àṣẹ láti sọ ohun tí ó bá Ọ̀ṣun mu ni Àtáọ́ja, Àwòrò àti Ìyá Ọ̀ṣun. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn lè dé ibi tí ẹ̀ṣọ́ ìjọba kì í dé. Ìwọ́pópó tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ọdún jẹ́ ìwẹ̀nùmọ́ ọ̀nà ìlú kí òrìṣà tó kọjá, kò sì sí ohun kan nínú ìlànà rẹ̀ tí ó ní kí ó parí sí orí títì, kí ó má dé àwọn odò kéékèèké tí ó ń gba ẹ̀yìnkùlé ilé àti ìdí ọjà lọ bá Ọ̀ṣun.